Kì í ṣe gbogbo "fermier" ló ń roko

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ọ̀rọ̀ oko tí èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ń lò. Ó dùn-ún kà, àmọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ tó bá ti jọra, ìtumọ̀ kan náà ni. Rárá o.

Ẹ wo "étable" àti "stable". Látìnì "stabulum" ló bí àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, tí àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé bá ní òun ń lọ sí "étable", màlúù ló fẹ́ lọ wò. Tí ti Ìlú Ọba bá dárúkọ "stable", ẹṣin ló ń sọ. "Écurie" ni Faransé ń pe ilé ẹṣin. Ògbufọ̀ tí kò bá fura á lọ so màlúù mọ́ ilé ẹṣin.

"Grange" náà kò yàtọ̀. Àká ni ní Faransé títí dòní, ibi tí wọ́n ń kó ọkà àti koríko gbígbẹ sí. Gẹ̀ẹ́sì yá a, àmọ́ "barn" tiwọn kò gbà fún un, ni "grange" bá di orúkọ tí àwọn olówó fi ń pe ilé ńlá wọn ní ìgbèríko.

"Farm" gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀dọ̀ àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé tó ṣẹ́gun England ní 1066 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, kì í sì í ṣe oko ló kọ́kọ́ jẹ́. Owó tí wọ́n dá lé ẹni tó yá ilẹ̀ ni, ìṣákọ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tó yá ni ilẹ̀ tí wọ́n ń san owó lé lórí wá ń jẹ́ orúkọ owó rẹ̀. Faransé ṣì ń pe irú owó bẹ́ẹ̀ ní "fermage". Tó bá jẹ́ pé ìkórè ni àgbẹ̀ àti onílẹ̀ jọ ń pín, "métayage" nìyẹn.

Lóòótọ́, àgbẹ̀ ni Faransé ń pè ní "fermier" lónìí, àmọ́ ẹ wá pe àwọn "fermiers généraux" ayé àwọn ọba Faransé ní "àgbẹ̀ àgbà". Ẹ gbà mí! Agbowó orí paraku ni wọ́n. Wọ́n á bá ọba dá iye owó kan, wọ́n á san án, wọ́n á wá máa gba owó orí lọ́wọ́ ará ìlú. Èyí tó bá lé, tiwọn ni. Lavoisier, onímọ̀ kẹ́místírì nì, wà lára wọn, ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1794 nìyẹn. Owó tí wọ́n ń bá ọba dá yẹn ló sọ wọ́n ní "fermier", kì í ṣe oko.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín