Àwọn tí ìtàn Fucino yọ sílẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Ọmọọba Alessandro Torlonia, olówó ilẹ̀ Ítálì tó sọ adágún Fucino di oko. Ìyìn ni láti òkè délẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ kárọ́ọ̀tì lórí ilẹ̀ yẹn kí n tó padà wálé, n ò lè kà á kí n dákẹ́.

Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn. Adágún tó tóbi ṣìkẹta ní Ítálì ni Fucino nígbà náà, kò sì sí ojú ibi tí omi rẹ̀ ń gbà jáde. Tí òjò bá pọ̀, á gun oko àwọn ará etí omi. Tó bá fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn ló ń fi sílẹ̀. Késárì Claudius, ọba Róòmù àtijọ́, ti gbìyànjú láti fà á gbẹ rí. Wọ́n ní 30,000 ọkùnrin ló kó síbẹ̀ fún ọdún 11, wọ́n gbẹ́ ihò la abẹ́ òkè Salviano já, àmọ́ nígbà tó yá ihò dí, omi sì padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní 1854, ilé-iṣẹ́ alájọni ló wà nídìí rẹ̀. Torlonia ra ìpín àwọn yòókù mọ́ tirẹ̀, ó dá a gbé. Òun ni wọ́n ló sọ pé bí òun ò bá fa Fucino gbẹ, Fucino á fa òun gbẹ. Ihò tuntun náà gùn tó kìlómítà mẹ́fà lé díẹ̀. Montricher, ẹnjiníà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kú ní 1858, kò rí òpin rẹ̀. Ní 1875, ọba fi Torlonia jẹ Ọmọọba Fucino. Ilẹ̀ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tó 14,000 hẹ́kítà.

Ibẹ̀ ni ẹ dúró sí. Àwọn apẹja ńkọ́? Ìyá kan tí a jọ ń ṣa kárọ́ọ̀tì, apẹja ni bàbá ńlá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ òtútù, kùrukùru máa ń bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, á dúró gẹ́lẹ́ síbi tí etí omi wà tẹ́lẹ̀. Ìyá yìí á nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti pọ́n nínú omi tútù, á fà mí lọ sójú fèrèsé: “Wá wo omi wa, ó ti dé.” Igi ólífì etí adágún pàápàá kò gbádùn mọ́ lẹ́yìn tí omi lọ, torí omi yẹn ló ń bá wọn dín òtútù kù.

Ilẹ̀ kò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ro ó. Àwọn ńláńlá ló ń gbà á lọ́wọ́ ìdílé Torlonia, àwọn náà á tún fi yá tálákà, ìṣákọ́lẹ̀ gun orí ìṣákọ́lẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1950, àwọn alágbàṣe tí kò ríṣẹ́ ṣe ìyanṣẹ́lódì tí n ò gbọ́ irú ẹ̀ rí: dípò kí wọ́n jókòó sílé, ṣọ́bìrì ni wọ́n gbé, wọ́n ń tún ọ̀nà àti ojú àgbàrá ṣe láìsí ẹni tó gbà wọ́n, wọ́n wá ní kí wọ́n sanwó àwọn. Ẹ ò rí i pé orí wọn pé! Ní April 30 ọdún yẹn, àwọn kan yìnbọn sí àárín àwọn alágbàṣe tó pé jọ ní gbàgede Celano, ìlú kan létí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, èèyàn méjì kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba gba ilẹ̀ náà, wọ́n pín in fún àwọn àgbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá tún máa gbé ìtàn náà jáde, ẹ fi Celano kún un.

Olùkàwé yín,
Mọ́níyà, Ìbàdàn