Gbígbẹ́sẹ̀ lé bánńgà fàyàwọ́ nìkan kò tó

Sí Olóòtú,

Ó dára tí ìjọba ń rọ àwọn aṣọ́bodè láti máa gbẹ́sẹ̀ lé bánńgà fàyàwọ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ibi tí wọ́n ń kó o pa mọ́ sí lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn bá ti ya àwòrán tán.

Onífàyàwọ́ kì í kọ òótọ́ sára páálí. Ìwé ẹrù lè ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, tàbí kí wọ́n lẹ UN0336 mọ́ ọn, nọ́ńbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) fún bánńgà tí ewu rẹ̀ wà ní ìpele 1.4G, tí jàǹbá rẹ̀ kì í sábà kọjá ara páálí. Ẹ ṣí i wò, ohun tó yẹ kó gba UN0333 lẹ lè bá níbẹ̀: ìpele 1.1G, èyí tí gbogbo rẹ̀ lè bú gbàmù pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Enschede, nílẹ̀ Netherlands, ilé ìkẹ́rùsí tó gbàṣẹ ni, ṣùgbọ́n ẹrù inú rẹ̀ lágbára ju èyí tí àṣẹ náà fàyè gbà lọ, àárín ilé àwọn èèyàn ló sì wà. Nígbà tó bú ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, èèyàn 23 ló kú.

Èyí tí wọ́n po lábẹ́lé, tí kò ní àmì ilé iṣẹ́ kankan, ló burú jù. Ìtapàrà láti ara aṣọ náílọ́nù lásán lè ràn án. Ní Los Angeles, ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ojú ni àwọn ọlọ́pàá fi díwọ̀n ẹ̀tù inú irú rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ run, wọn kò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Àgbá irin tí wọ́n kó o sí fọ́, èèyàn 17 sì farapa.

Nítorí náà, kí wọ́n pe àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀tù kí ẹnikẹ́ni tó já páálí. Aṣọ òwú ni kí wọ́n wọ̀. Kí wọ́n gbé e, kí wọ́n má ṣe wọ́ ọ nílẹ̀. Kí wọ́n má sì to èyí tí wọ́n po lábẹ́lé mọ́ ti ilé iṣẹ́. Rírẹ ẹ́ sómi kò parí ọ̀rọ̀ o: bó bá gbẹ, ó lè tún gbaná, omi sì lè mú kí ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù inú rẹ̀ gbóná fúnra rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń há ni ẹjọ́. Bí wọ́n bá ní gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ títí ìdájọ́ yóò fi wáyé, yóò máa pọ̀ sí i ni. Kí òfin gba àwòrán, òǹkà, ìwọ̀n àti ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kí wọ́n sì tètè run ìyókù níbi tó jìnnà sí ilé gbígbé.