Ẹ má pe ewé gbígbẹ ní pàǹtí

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà tẹ́nìkan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí wọ́n kó gbogbo ewé gbígbẹ táwọn yunifásítì tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù dànù kí wọ́n fi yàrá ẹ̀ ṣe nǹkan gidi. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára ṣá. Eléwé ọmọ ni mí l'Ódò-Ògbè níbí, ọmọ mi tó ka Bọ́tánì, ẹ̀kọ́ nípa ewéko, ló mú mi wọ hẹ̀báríọ̀mù OAU, ìyẹn yàrá tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí, ibẹ̀ ni mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á tẹ́ ewé sáàárín bébà ìròyìn àtijọ́ (irú tiyín yìí náà ni, ẹ má bínú), wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi gbẹ, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ni ọjà gan-an: ta ló já a, ọjọ́ wo, ibo, irú ilẹ̀ wo, àwọ̀ òdòdó ẹ̀ nígbà tó ṣì tutù.

Ọmọ mi fi ewé kékeré kan hàn mí lórí fóònù, Nitrophila mohavensis, Amẹ́ríkà ló wà, mọ̀lẹ́bí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò wa ni o! Aṣálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Death Valley, níbi tí California àti Nevada ti pààlà, ló ń hù sí, ilẹ̀ ibẹ̀ funfun báláú torí iyọ̀ àti irú kán-ún tí à ń fi se ewédú, ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìka ọwọ́ lọ, tí òtútù bá dé gbogbo tòkè á gbẹ dànù, ó ku egbò tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó bá lọ lóṣù tí kò yẹ á ní kò sí nǹkan níbẹ̀ rárá. Páálí tí wọ́n bá lẹ ewé yẹn mọ́, pẹ̀lú ìwé pélébé ẹ̀, ló máa sọ fún un pé irọ́ ni. Ọdún 1955 ni Munz àti Roos, àwọn onímọ̀ ewéko, ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ, nígbà tó fi máa di 1985 ìjọba wọn ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ewéko tó fẹ́ parun, torí omi abẹ́ ilẹ̀ ló gbójú lé, àwọn èèyàn náà sì ń fa omi ọ̀hún.

Àwa ńkọ́? Ibi tí ìyá mi ti ń wa egbò orín-àtà lọ́nà Ẹdẹ, ilé àti ilé epo ló kún ibẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí, ẹnu ìyá mi nìkan ló wà, ìyá mi sì ti kú.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní àwọn kan kì í kọ ìwé pélébé yẹn dáadáa, màá gbà. Ọmọ mi ní òun ti rí èyí tí wọ́n kàn kọ “Ifẹ̀” sí lásán. Ifẹ̀ apá ibo? Ìyẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kòkòrò tó ń jẹ ewé gbígbẹ náà tún wà ńbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ò sì lè ṣiṣẹ́ níbi tí iná ò sí, ká fowó síyẹn dípò ká máa sọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Àwa eléwé ọmọ á mú ewé tutù wá lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣáà bi wá ibi tá a ti já a, kí wọ́n kọ orúkọ tá à ń pè é l'Ọ́jà sí i pẹ̀lú.

Èmi ni,
Eléwé ọmọ kan,
Odò-Ògbè, Ilé-Ifẹ̀.