Lẹ́tà sí Bísí lórí ráǹpù ilé ìwòsàn rẹ̀

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Manchester o. Mo rí fọ́tò ilé ìwòsàn tí ò ń kọ́, èyí tí bíríkìlà fi ránṣẹ́ sí ọ láti Ìkìrun. Jọ̀ọ́, ní kó dáwọ́ ráǹpù yẹn dúró, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga oníkẹ̀kẹ́ máa gbà wọlé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínṣì 6. Ínṣì 18 nìyẹn. Ráǹpù tó wá dà sí i ò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n lè tì gba ibẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà àga oníkẹ̀kẹ́ gùn ún, ẹ̀yìn ló máa fi lélẹ̀.

Bí ilé bá ga ní ínṣì 1, kí ráǹpù gùn ní 12. Tìrẹ á gba ẹsẹ̀ bàtà 18. Bí àyè ò bá tó kó tó kan gọ́tà, kó ṣẹ́ ẹ sí méjì: 9 lọ, 9 bọ̀. Kí ibi tó ti ṣẹ́rí padà tẹ́jú, kó fẹ̀ tó ọ̀nà méjèèjì pọ̀, kó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Iwájú ilẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú ní 5 sí 5, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni náà bá ti ń fa ilẹ̀kùn, àga á máa yí padà sísàlẹ̀. Má gba táìsì níbẹ̀ o, bó ti wù kó dán tó. Òjò kan péré, ó di yíyọ̀. Kọnkéré ni, kó fi ìgbálẹ̀ fà á lára kó tó gan. Kó gbé etí rẹ̀ sókè ní ínṣì 4 kí táyà má baà já bọ́, kó sì fi irin ìdìmú sí ọ̀tún àti òsì, kó ga ní ínṣì 36.

Tọ́ìlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń bàjẹ́ jù. Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ ni wọ́n sáábà ń fi síbẹ̀, férémù á tún jẹ nínú rẹ̀. Ínṣì 32 ló gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ gedegbe. Kó máa ṣí síta: bí aláìsàn bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ló máa dí yín lọ́nà. Irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ àwo ńkọ́? Inú búlọ́ọ̀kù ṣófo. Ìṣó tí wọ́n bá gbá mọ́ ọn á fà yọ lọ́jọ́ tí ẹni tó sanra bá rọ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n fi kọnkéré dí ihò àwọn búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri.

Òfin àkàǹdá ẹ̀dá tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé àtijọ́ tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti fi ṣàtúnṣe, ó sì ti pé. Tìrẹ kò sí lára wọn, torí ilé tuntun ni. Pílàànù ilé tuntun tí kò bá ní ọ̀nà fún àwọn àkàǹdá ẹ̀dá, wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i rárá.

Ní kó fi téèpù wọn ẹnu ilẹ̀kùn tọ́ìlẹ́ẹ̀tì lọ́la, kó ya fọ́tò rẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ṣọlá