Ẹyin Pọ̀ Ju Ẹnu Lọ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ará ilé ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dé ibi tí o ti ń béèrè pé, "Kí lẹ tiẹ̀ ń fi gbogbo ẹyin yẹn ṣe?" Ká ní o rí ilé ìdáná wa ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, àánú wa ì bá ṣe ọ́.

Adìẹ mẹ́rin péré ni mo ní lọ́kàn láti sìn. Aládùúgbò kan wá fẹ́ kó lọ síbòmíràn, ó ní kí n bá òun gba márùn-ún tòun, ojú sì tì mí láti kọ̀. Bí wọ́n ṣe di mẹ́sàn-án nìyẹn. Àgbébọ̀ kan kì í sábà yé ju ẹyin kan lọ lóòjọ́, torí ó ń tó nǹkan bíi wákàtí 25 kí ẹyin kan tó parí nínú rẹ̀, èèpo nìkan sì ń gba bíi 20 nínú wákàtí yẹn. Mo rò pé ìyẹn ò lè pọ̀. Àṣé mẹ́sàn-án á máa yé mẹ́fà, méje lójúmọ́, àwa mẹ́ta la sì wà nílé. Ṣírò rẹ̀ wò. A dín in, a sè é, a tún dín in, títí ọmọ mi fi ń wo àwo bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn kíkorò.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ta àwọn aládùúgbò lọ́rẹ. Mo rò pé wàhálà ò sí nínú nǹkan ọ̀fẹ́. Irọ́ gbuu! Ẹnì kan kọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ sì ń sọ pé ẹni tó ń pín nǹkan kiri lásán, ó ní ohun tó ń wá. Ẹnì kan ní òun ò lè jẹ "ẹyin tí kò ní bàbá" nígbà tó gbọ́ pé mi ò ní àkùkọ. Mo ṣàlàyé títí pé àgbébọ̀ ò nílò àkùkọ kó tó yé, ọmọ nìkan ló nílò rẹ̀ fún. Kò gbà. Àwọn tó gbà á tayọ̀tayọ̀ ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nínú wọn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹyin tọ̀sẹ̀ yìí mà pẹ́ o." Mi ò lè bínú, ṣebí èmi náà ni mo kọ́ ọ.

Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni ti màmá ojúlé kejì. Adìẹ kan ti ń yé pamọ́ sábẹ́ pákó lẹ́yìn ilé, àfìgbà tí mo rí ẹyin 14 níbẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni rówó he. Mo dà á mọ́ ìyókù, mo sì gbé mẹ́wàá fún màmá. Wọ́n fọ́ mẹ́rin tó dára sínú abọ́, wọ́n fọ́ ìkarùn-ún lé e. Ọ̀rẹ́ mi, òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi kí ohùn wọn tó dé! Wọn ò bú mi rárá. Ńṣe ni wọ́n rọra gbé abọ́ náà wá kí n wò ó, èyí sì dùn mí ju èébú lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹyin tí mi ò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n yé e kì í jáde nílé yìí. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ ọjọ́ sí i lára. Bí mo bá ń ṣiyèméjì, mo máa ń kó o sínú omi: èyí tó bá sùn gbalaja sísàlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ni, èyí tó bá dìde dúró ti pẹ́ díẹ̀, èyí tó bá léfòó, mi ò bá a jiyàn, mo sọ ọ́ nù nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ bí omi inú rẹ̀ ṣe ń gbẹ jáde láti ara ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára èèpo. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan ni omi lè sọ fún ọ, kò lè sọ bóyá kòkòrò àìsàn wà níbẹ̀. Nítorí náà, mo tún ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n fọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ife kékeré kí wọ́n tó dà á pọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó jinná.

Bákan náà, mo máa ń fi omi tútù fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ kó lè dán. Àṣìṣe ńlá ni. Adìẹ ti fi nǹkan fẹ́lẹ́ kan bo èèpo láti dí ihò wọ̀nyẹn, fífọ̀ ló ń bó o kúrò, omi tútù sì tún ń jẹ́ kí inú ẹyin sún kì, kó wá fa ìdọ̀tí wọlé. Ìtẹ́ ni mo ń tún ṣe báyìí dípò ẹyin. Àwọn tó bá rí wúruwùru, àwa la ń tètè jẹ wọ́n.

Màmá ojúlé kejì yẹn náà ló wá sọ̀rọ̀ kan tó là mí lójú. Wọ́n ní, "Tà á fún mi. Bí mo bá rà á, màá lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ tó bá bàjẹ́. Ọ̀fẹ́ ló dí mi lẹ́nu lọ́jọ́sí."

Kí n dá iye lé e wá di ìṣòro. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: èmi ń wo ilẹ̀, màmá ń wo òkè. Nígbà tó yá, mo jókòó ṣírò. Adìẹ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́, ì báà yé, ì báà má yé, tí mẹ́sàn-án á fi tó kílò kan. Mo fi iye ẹyin tó ń wọlé lóṣù pín owó oúnjẹ wọn, iye yẹn ni mo ń tà á. Mi ò ka iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́ ọn o, torí bí mo bá kà á, wúrà ni màá máa tà. Mo sì ti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ bóyá mo lè máa ta ẹyin, torí òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ìwọ náà béèrè kó o tó gbé kíréètì síta.

Oníbàárà mẹ́ta ni mo ní, mo sì ti bá ọ̀kan jà. Adìẹ kan ṣàìsàn, mo fi oògùn sínú omi tí gbogbo wọn jọ ń mu. Títí tí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn, pé kí a má jẹ ẹyin wọn, fi pé, ilẹ̀ la ń gbẹ́ tí a ń bo ẹyin mọ́. Oníbàárà yẹn ní òun kì í ṣe ọmọdé, kí n tà á fún òun bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi kí mi. Mo tún ti kìlọ̀ fún wọn pé nígbà tí adìẹ bá ń pa ìyẹ́ dà, ẹyin á dín kù, ó tiẹ̀ lè dáwọ́ dúró.

Mo ṣì ń fi tọrẹ o. Ẹni tó bá béèrè ni mo ń tà fún, ẹni tí kò béèrè ni mo ń fún. Ẹni tó bá kó lọ sí àdúgbò wa, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ọ̀gbẹ́ni tó bá mi tún ọgbà ṣe. Wọ́n ń da páálí ẹyin padà fún mi, mo sì ń dúpẹ́, àmọ́ èyí tó bá ti rẹ tàbí tó dọ̀tí, mi ò lò ó mọ́.

Ìwọ tó o ní o fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Bí aládùúgbò kan bá fẹ́ kó lọ, wọlé kó o ti ilẹ̀kùn.

Mo ti ń gbọ́ ọ̀kan tó ń ké lẹ́yìn ilé, ó ti yé nìyẹn. Jẹ́ kí n sáré lọ gbé e, torí dúdú kan wà láàárín wọn tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹyin.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́