Ẹ́ńsáìmù Kò Lè Tún Ewé Tí A Kò Sá Dáadáa Ṣe

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìmọ̀ràn kan ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàrin àwọn tó ń sin adìyẹ brọ́ílà: kí wọ́n yọ sóyà kúrò nínú oúnjẹ, kí wọ́n fi ewé lílọ̀ dí àyè rẹ̀, kí wọ́n sì bu ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú kí oúnjẹ dà nínú adìyẹ, lé e. Ewé wúlò lóòótọ́, ẹ́ńsáìmù náà wúlò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láìsí ìwọ̀n yìí, adìyẹ ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ewé ẹ̀gẹ́. Bó bá gbẹ, purotéènì inú rẹ̀ máa ń tó ìdá 20 sí 25 nínú 100. Ti sóyà tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ máa ń tó 44. Kílò kan kò lè rọ́pò kílò kan láéláé. Okùn inú ewé (fáíbà) tún pọ̀, agbára inú rẹ̀ kéré: òròmọdìyẹ á jẹ ẹ́, àpò ọ̀fun rẹ̀ á kún, síbẹ̀ ebi ń pa ara rẹ̀.

Sáyánáìdì, májèlé inú ewé ẹ̀gẹ́, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń tú májèlé yìí sílẹ̀, kó lè bá afẹ́fẹ́ lọ, wà nínú ewé fúnra rẹ̀, àmọ́ kì í ráyè ṣiṣẹ́ àfi bí ewé bá ya. Nítorí náà, ẹni tó bá sá ewé ní odindi kò tíì ṣe nǹkan kan tó. Ẹ yọ ọ̀pá ewé kúrò, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ kó rọ fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ tó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì. Ẹ máa yí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ fún un: bó bá dún wàrà tó sì rún, ó ti gbẹ; bó bá ká lọ́wọ́ bí aṣọ, ẹ dá a padà sínú oòrùn. Ewé tí kò gbẹ tán á bu nínú àpò, á sì di májèlé mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kílò 2 nínú 100 kílò oúnjẹ ti tó. Lẹ́yìn náà, kílò 5. Ẹ fi mẹ́tíónáìnì, ọ̀kan lára èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, kún un, nítorí kò pọ̀ nínú ewé ẹ̀gẹ́, ara adìyẹ sì tún ń ná an láti fi pa agbára sáyánáìdì tó ṣẹ́kù. Epo kílò 1 tàbí 2 á dá agbára padà, á sì mú eruku ewé rọlẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù wá ńkọ́? Xylanase àti cellulase ń gé okùn ewé tí adìyẹ kò lè gé fúnra rẹ̀. Phytase ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tó ń mú egungun le, tó há sínú àgbàdo àti sóyà. 500 FTU (ìwọ̀n agbára phytase) fún kílò oúnjẹ kan ló wọ́pọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń pa sáyánáìdì. Ẹni tó bá sì tìtorí phytase yọ egungun lílọ̀, tó ń fún adìyẹ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kúrò pátápátá, ẹsẹ̀ adìyẹ rẹ̀ á rọ. Ńṣe ni kó dín in kù.

Pípò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Bí ara páálí bá ní gíráàmù 100 fún tọ́ọ̀nù kan, gíráàmù 10 péré ló kan 100 kílò. Bí ẹ bá kàn fọ́n ọn sórí òkìtì oúnjẹ, kò ní kárí. Ẹ pò ó mọ́ kílò 1 àgbàdo lílọ̀, ẹ po ìyẹn mọ́ kílò 10 oúnjẹ, kó tó wá wọ inú ìyókù. Ẹ bo imú yín, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀rọ tó ń tẹ oúnjẹ di hóró, bó bá gbóná ju 80 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, lè ba ẹ́ńsáìmù jẹ́, àfi èyí tí wọ́n ṣe láti fara da ooru.

Kí ẹ tó fún gbogbo ọgbà, ẹ ya adìyẹ 20 sọ́tọ̀ fún oúnjẹ tuntun, kí 20 mìíràn máa jẹ ti àtijọ́. Ẹ wọn oúnjẹ wọn àti ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí àwọn tó ń jẹ ewé bá ń jẹun ju àwọn tó ń jẹ ti àtijọ́ lọ tí wọn kò sì wúwo jù wọ́n lọ, ewé ló pọ̀ jù. Ẹ dín ewé kù. Ẹ má fi kún ẹ́ńsáìmù.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń po oúnjẹ adìyẹ