Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti yí padà, ètò inú rẹ̀ kò tíì yí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi ní Ṣómólú, ohun kan sì ń dùn mí gidigidi.

Lọ́dún tó kọjá, mo tu owó jọ, mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ní Computer Village n'Íkẹjà. Ọpọlọ (processor) ARM ló ń lò, irú èyí tó wà nínú fóònù gbogbo wa, tí kì í jẹ iná púpọ̀. Bí mo bá ṣáàjì rẹ̀ láàárọ̀, mo lè ya káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, n kò ní fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń ra epo bẹntiróòlù l'Ékòó nìkan ló lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Ọjọ́ tí mo so ó mọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gé sítíkà ni ayọ̀ náà dópin. Driver ẹ̀rọ náà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kò gbọ́ èdè ọpọlọ tuntun. Ọpọlọ ti ilé iṣẹ́ Intel àti AMD nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Òótọ́ ni pé Windows ní ògbufọ̀ tó ń bá àwọn ètò àtijọ́ túmọ̀, ṣùgbọ́n kì í túmọ̀ driver. Ìyá kan tó ń ta zobo jókòó tì mí, ó ń retí igba sítíkà tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìgò. Kí ni mo lè ṣe? Mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde, mo sì rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra epo.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní àwọn tó ń lo ARM kò tíì pọ̀. Ta ni yóò wá rà á nígbà tí kò bá ẹ̀rọ wọn ṣiṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sí 64-bit, irú ọpọlọ tó ń gbé iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ti 32-bit àtijọ́ lọ. Ọdún 2003 ni AMD gbé e dé kọ̀ǹpútà ilé. Ó di 2021, nígbà tí Windows 11 jáde, kí Microsoft tó ṣe Windows tí kò ní ti 32-bit mọ́ fún kọ̀ǹpútà ilé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2003 ti tó dìbò nígbà náà! Ṣùgbọ́n nígbà tí Apple kéde ní Oṣù Kẹfà 2020 pé òun ń fi Intel sílẹ̀ bọ́ sórí ọpọlọ irú ARM, àwọn tó ń kọ ètò fún un rí i pé kò sí ibi tí wọ́n máa sá sí, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Windows ti ń ṣiṣẹ́ lórí ARM láti 2012, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sọ fún wa pé ká ní sùúrù.

Mo bẹ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ: ẹ kọ driver ti ARM. Bí ẹ kò bá tíì kọ ọ́, ẹ sọ ọ́ gbangba lára páálí, kí èèyàn tó sanwó. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ ètò ìṣírò owó fún àwọn ilé ìtajà ní Yábàá àti Ìkẹjà, ẹ kọ tiyín fún ARM náà, ẹ má dúró de òyìnbó.

Ní báyìí, orí kọ̀ǹpútà tuntun ni mo ti ń ya iṣẹ́, fíláàṣì ni mo fi ń gbé e lọ sórí àtijọ́, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́yìnkùlé.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan,
Ṣómólú, Èkó.